Ìtọ́jú Ọtí Àmujù Lẹ́yìn Ìlẹ̀kùn Gáréèjì

Nígbà tí a wà nílé, bí baálé kan bá ń mu ọtí ní àmujù, kì í pẹ́ kí agboolé tó mọ̀. Àwọn àgbà yóò pè é sí kọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ yóò sì rí ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀. Frisco kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú yìí, tí ó jogún orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin St. Louis–San Francisco, ní olùgbé 33,714 ní ọdún 2000. Nígbà tí yóò fi di 2020, wọ́n ti lé ní 200,000. Ojoojúmọ́ ni ilé tuntun ń yọ, aládùúgbò kò sì mọ orúkọ aládùúgbò. Ọkọ̀ a wọ gáréèjì, ìlẹ̀kùn a pa dé, ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ a di ti ìyàwó àti àwọn ọmọ nìkan.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin òbí sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú kan tí ó lè bá ènìyàn lẹ́yìn ìlẹ̀kùn náà gan-an. CBT ni àwọn oníṣègùn ń pè é: ìtọ́jú tí ó ń tún ìrònú àti ìhùwàsí ṣe, tí a sì lè gbà lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Ní àwọn ọdún 1960 ni Dókítà Aaron Beck bẹ̀rẹ̀ irú ìtọ́jú yìí ní Philadelphia. Ó pé ẹni 100 ọdún kí ó tó kú ní 2021. Ohun tí ó rí ni pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń bá ara rẹ̀ sọ nínú ọkàn ni í máa ń darí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ọ̀sì kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ó ti iṣẹ́ alẹ́ dé ní agogo méje àárọ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé, "Bí n kò bá fi búrándì díẹ̀ sí i, oorun kò ní kùn mí." Ohun àkọ́kọ́ tí ìtọ́jú náà yóò ní kí ó ṣe ni kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà wo ni ó mu, níbo, pẹ̀lú ta ni, kí ni ó sì ń rò kí ó tó mu ún. Lẹ́yìn èyí, yóò yẹ ọ̀rọ̀ ọkàn náà wò bóyá òótọ́ ni. Lóòótọ́ ni ọtí ń tètè múni sùn, ṣùgbọ́n ó ń ba ìdajì oorun tí ó kù jẹ́. Yóò tún kọ́ bí a ti ń dúró de òòfà ọtí kí ó kọjá. Alan Marlatt, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Seattle tí ó kú ní 2011, fi òòfà yìí wé ìgbì òkun: ó ń ga, ó sì ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bí a kò bá bá a wọ̀jà. Òun náà ni ó kọ́ni pé ẹni tí ó bá ṣèèṣì mu ife kan kò tíì ṣubú tán.

Èyí tí ó ṣòro jù fún àwa Yorùbá ni òde àríyá. Bí ẹ̀gbọ́n bá bu ọtí fún àbúrò, tí àbúrò sì kọ̀ ọ́, ó lè jọ àfojúdi. Ìtọ́jú yìí yóò mú kí ènìyàn sọ èsì rẹ̀ jáde kí ọjọ́ òde tó pé: "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mọ́ọ̀tì ni mo ń mu lónìí." (Bí ó bá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, mo rò pé ẹ̀gbọ́n náà yóò dárí jì í.)

Òdiwọ̀n pẹ̀lú ń tàn wá jẹ. Ní Amẹ́ríkà, "ife kan" túmọ̀ sí ọtí tí ògidì agbára inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 14. Ìgò búrándì kan, ti mílílítà 750, jẹ́ nǹkan bí ife 17 ní ìṣirò yìí. Ẹni tí ó bá ní "ife méjì péré ni mo mu", ẹ béèrè irú ife tí ó fi mu ún.

Ǹjẹ́ ìtọ́jú orí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́? Ní Yunifásítì Yale, Kathleen Carroll, tí ó kú ní 2020, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ méje sórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àwọn eré tí ń fi hàn bí ènìyàn ṣe kó sínú ìdẹwò àti bí ì bá ti ṣe yọ. Àwọn tí ń lo oògùn olóró ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Ti ọtí tẹ̀ lé e ní 2016. Ní Sweden, wọ́n pín 301 ènìyàn sí ọ̀nà méjì, àwọn kan gba CBT lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan jókòó ti olùtọ́jú. Àbájáde tí ó jáde ní 2021 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn ti íntánẹ́ẹ̀tì kò rẹ̀yìn sí àwọn yòókù nínú dídín ọtí kù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó bá mu. Ẹni tí ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí ó ń làágùn bí kò bá tíì mu, kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìsí dókítà, nítorí gìrì àti ìrànrán lè tẹ̀ lé e, ó sì lè pa á. Oògùn wà pẹ̀lú, bí naltrexone tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ọtí ní 1994.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún àṣírí yín. Ní 2024, àjọ FTC fi ẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ ìtọ́jú ọtí orí íntánẹ́ẹ̀tì kan pé ó gbé ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn fún àwọn olùpolówó ọjà. Ẹ béèrè ẹni tí yóò rí ohun tí ẹ bá kọ, kí ẹ sì rí i pé olùtọ́jú ní ìwé àṣẹ ti Texas.

Ohun kan ń dùn mí nípa ìtọ́jú ojú fóònù yìí: kò sí ẹbí níbẹ̀. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ó mú kí ìbátan aláìsàn bá a wá. Nítorí náà, ì bá dára kí aya mọ̀ nípa rẹ̀, kí a sì sọ fún àwọn ọmọ tí ó ti gbọ́njú pé bàbá tàbí ìyá ń gba ìtọ́jú. Nínú ìbéèrè mẹ́wàá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún yíyẹ ọtí mímu wò, tí wọ́n ń pè ní AUDIT, ìkẹwàá béèrè bóyá ìbátan, ọ̀rẹ́ tàbí dókítà kan ti kọminú sí bí o ṣe ń mutí. Àwọn ọmọ ló sábà máa ń mọ ìdáhùn sí i, nítorí wọ́n ti ń ka ìgò.

Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lè pe SAMHSA, tọ̀sán-tòru, lọ́fẹ̀ẹ́, ní 1-800-662-4357. Wọn kò ní béèrè orúkọ ìdílé rẹ̀.