Ewu Tí Kò Mọ Ààlà: Iṣẹ́ Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Ṣókótó

Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni kí ìjọba mọ ète ọ̀tá kó tó di ìjàǹbá. Ní Nàìjíríà, àjọ NSO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ọdún tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, ló ń ṣe é nílé lóko. Ní 1986, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida tú u ká, ó pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta: SSS, tí a mọ̀ sí DSS, ń ṣọ́ ilé, NIA ń ṣọ́ òkèèrè, DIA wà fún àwọn ológun.

Ṣùgbọ́n ewu òde òní kò mọ ilé yàtọ̀ sí òkèèrè. Ẹni tó bá kúrò ní Minanata nínú ìlú Ṣókótó, tó kọrí sí àríwá, yóò dé Illela. Bó bá ré kọjá ẹnubodè, ó di Birnin N'Konni ní orílẹ̀-èdè Niger. Èdè Hausa kan náà ni tọ̀tún tòsì ń sọ. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fa ààlà sáàárín wọn.

Ibi ààlà yìí ni ẹgbẹ́ Lakurawa fi ṣe ọ̀nà. Àwọn ará abúlé kan ní Tangaza àti Gudu, ní ìpínlẹ̀ Ṣókótó, kọ́kọ́ gbà wọ́n bí ẹ̀ṣọ́ tí yóò lé agbébọn lọ. Nígbà tó yá, ẹ̀ṣọ́ di amúnisìn. Oṣù Kọkànlá 2024 ni iléeṣẹ́ ológun tó kéde wọn fáyé. Ilé-ẹjọ́ sì pè wọ́n ní apániláyà ní oṣù Kìn-ín-ní 2025.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tó ń dí iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ ni àjọṣe Nàìjíríà àti Niger tó bàjẹ́. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje 2023, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ti ẹnubodè pa, ìṣọ́ àjùmọ̀ṣe sì dáwọ́ dúró. Ní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS. Apániláyà ń ré ààlà kọjá, àwọn tó ń lépa wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ tó.

Ìkejì ni ìbójútó. Iṣẹ́ tí a ń ṣe ní bòńkẹ́lẹ́ ṣòro láti yẹ̀ wò. Ní 2017, EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá, bá owó tó lé ní mílíọ̀nù 43 dọ́là nínú ilé kan ní Ìkòyí. NIA ní tàwọn ni, Ààrẹ Buhari sì yọ olórí àjọ náà nípò.

Ìkẹta ló wúwo jù: ìgbẹ́kẹ̀lé ará ìlú. Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ará abúlé tí ìjọba kò dáàbò bò kò ní sọ ohun tó rí. Ibi tí ààbò bá ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìròyìn yóò ti máa dé Àbújá lásìkò.