Ilẹ̀kùn Tó Lọ sí Lọ́ńdọ́nù, Àfin Tó Kù Sílé

Bí òyìnbó bá fẹ́ najú lọ́jọ́ ìsinmi, ó lè gba ilé olódi àwọn ọba àtijọ́ lọ, èyí tí wọ́n ti sọ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí ọgbà òdòdó sì yí ká. Ọba tó ni ín ti wàjà tipẹ́. Ẹni tó ń gba owó ìwọlé ló kù lẹ́nu ọ̀nà. Ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti Òkè-Ìmẹ̀sí gba àárín àwọn òkè lọ wo àfin Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ilé ọba tó wà lórí ìtẹ́ ló ń lọ. Kì í ṣe ibi tí à ń já wọ̀. À ń ránṣẹ́ ṣáájú, ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, obìnrin ń kúnlẹ̀, a sì ń tọrọ àyè kí a tó ya fọ́tò.

Àgbàlá ni ọkàn àfin Yorùbá. Yàrá yí i ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú yàrá, òpó ló sì gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró. Ara òpó yìí ni agbẹ́gilére ti ń fi ọwọ́ rẹ̀ hàn. Agbọnbíọ̀fẹ́ Adéṣínà, ọmọ Ẹ̀fọ̀n tó kú ní 1945, gbẹ́ òpó sí àfin Aláayè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Jagunjagun lórí ẹṣin àti ìyá ọlọ́mọ ni irú ère bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́.

Ẹ̀fọ̀n náà ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀, ẹni tí ayé mọ̀ sí ará Ìsẹ̀. Láàrin 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn náà fi òyìnbó aláṣẹ kan, Captain Ambrose, hàn, tí wọ́n gbé e wá kí Ògògà tó jókòó dè é. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ síbi àfihàn ní Wembley, ní Lọ́ńdọ́nù. Kò padà wálé mọ́. British Museum fẹ́ ẹ, àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ni wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. Wọn kò jí i, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ló lè kan àga. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn.

Òpó Ìkẹ́rẹ́ kan wà ní Chicago láti 1984. Ní 1998, ilé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington ṣe àfihàn iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ fojú rí ilẹ̀kùn baba rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tọrọ físà.

Àwọn kan ní ikán ì bá ti jẹ ẹ́ tó bá wà nílé. Ó ṣeé ṣe. Ọlọ́wẹ̀, tó wà láyé di 1938, ì bá sì ti gbẹ́ òmíràn.

Kí àlejò Ẹ̀fọ̀n béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àfin, èyí òpó tó ṣì wà nílé àti èyí tó ti rìn lọ. Òwúrọ̀ ló dára jù, kí oòrùn tó mú àgbàlá.