Igba Ojú Tí Kò Rí Ara Wọn: Ilé-Ìwé, Òbí àti Ará Ìlú ní Sanson

Ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé, ọ̀pọ̀ ọmọ ní kọmúnù Tchaourou ni í kúrò ní abúlé wọn. Orí alùpùpù ni wọ́n ń di ẹrù lé: ẹní kan, ìkòkò kékeré kan, àpò gàrí, iṣu mélòó kan, àti ìwé tí a fi ọ̀rá wé kí eruku má baà bà á jẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti gba ìwé-ẹ̀rí CEP, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń lọ. Níwọ̀n bí kò ti sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní gbogbo abúlé, ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ ni wọn yóò máa gbé, ẹni tí ilé-ìwé ń pè ní tuteur. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá, ó lè jẹ́ ojúlùmọ̀ ìyá láti ọjà, ó sì lè jẹ́ onílé lásán tí ó kàn ń gba owó yàrá.

Sanson jẹ́ ọ̀kan nínú agbègbè méje tí ó para pọ̀ jẹ́ kọmúnù Tchaourou, ní ìpínlẹ̀ Borgou. Kọmúnù náà fẹ̀ ju 7,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ, ó sì wà lára àwọn tí ó fẹ̀ jùlọ ní orílẹ̀-èdè Benin. Nínú ìkànìyàn ọdún 2013, àwọn ènìyàn tí a kà níbẹ̀ lé ní 220,000. Àwa Nàgó, àwọn Baatonu àti àwọn Fúlàní ni a jọ ń gbé ilẹ̀ náà, pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ tí ó ti òkè Atacora sọ̀ kalẹ̀ wá. Ibi tí ilẹ̀ bá ti fẹ̀ tó báyìí, tí èdè sì pọ̀ tó báyìí, bàbá ọmọ àti olùkọ́ ọmọ lè lo ọdún mẹ́rin láìrí ojú ara wọn.

Àwọn àgbà ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Òótọ́ ni, àmọ́ òwe náà kò sọ fún wa bóyá igba ojú yẹn mọ ara wọn. Ojú bàbá wà ní oko, ti ìyá wà ní ọjà, ti alágbàtọ́ wà nílé, ti olùkọ́ wà ní kíláàsì. Olùkọ́ rí i pé ọmọ ń sùn ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kò mọ̀ pé òun ni ó ń pọn omi gbogbo ilé kí ilẹ̀ tó mọ́. Alágbàtọ́ rí i pé ọmọ tètè darí wálé, kò mọ̀ pé a lé e jáde nítorí owó tí kò tíì san. Bàbá ní tirẹ̀ kò rí ohunkóhun títí èsì ìdánwò yóò fi jáde. Ẹni tí yóò mú kí àwọn ojú wọ̀nyí rí ara wọn ni a ń wá. Níbi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà, olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pe ẹni tí ń ṣe é.

Àwọn kan lérò pé iṣẹ́ òyìnbó ni, iṣẹ́ ọ́fíìsì àti ìwé-ẹ̀rí yunifásítì. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá kọ́ nìyẹn. Ní ọdún 1959, ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin tí a ń pè ní St. Theresa's College, ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, àwọn sístà ìjọ Kátólíìkì tí ń darí ilé-ìwé náà ń ṣàníyàn nípa 60 ọmọbìnrin tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá. Kí ni wọn yóò ṣe lẹ́yìn ìdánwò? Àwọn sístà kò jókòó ti ìmọ̀ ara wọn nìkan. Wọ́n ké sí nǹkan bí 20 ènìyàn láàárín ìlú, oníṣẹ́ oríṣiríṣi, kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Nínú 60 yẹn, 54 ni ó rí iṣẹ́ nígbà tí wọ́n jáde. Ọdún 1977 ni ìjọba Nàìjíríà tó kọ ìtọ́sọ́nà àti ìmọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́ sínú ìlànà ẹ̀kọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ará ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ pè, ọ́fíìsì dé lẹ́yìn.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìbéèrè ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú. Òfin-ìpìlẹ̀ ti 11 oṣù Kejìlá 1990 sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di dandan. Ní ọdún 2006, ní àkókò Ààrẹ Boni Yayi, ọmọ bíbí Tchaourou, ìjọba mú owó ilé-ìwé kúrò ní ìpele yẹn. Láti ọdún 2017, ètò oúnjẹ ilé-ìwé tí ìjọba ń ṣe pẹ̀lú PAM tún ti mú kí ọmọ rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò sì ni wọ́n ń dáná. Ìlẹ̀kùn kejì ni ó kù, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ tí ó jẹun yó ní CM2 lè bá ara rẹ̀ ní sixième láìsí oúnjẹ ọ̀sán, láìsí ìyá nítòsí, láàárín àwọn tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ jùlọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bi í léèrè bí ó ṣe sùn. Surveillant ń ka àwọn tí kò wá, olùkọ́ àgbà kíláàsì ń kọ máàkì, àwọn méjèèjì sì ti ní iṣẹ́ tí ó ju agbára wọn lọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ilé-ìwé níbẹ̀ dábàá pé kí olùdámọ̀ràn kan má ṣe bójú tó ju 250 akẹ́kọ̀ọ́ lọ. A kò dárúkọ iye yẹn láti fi wọ́n gún ara wa lójú, bí kò ṣe láti fi hàn pé iṣẹ́ gidi ni, tí ó ní ìwọ̀n.

Ẹ wo ìwé ìpè tí ilé-ìwé ń fi ránṣẹ́ sí òbí. Èdè Faransé ni a fi kọ ọ́. Bàbá kò ka Faransé, nítorí náà ọmọ ni yóò kà á fún un. Ọmọ tí a fi ẹ̀sùn kàn ni ó wá di ògbufọ̀ ẹ̀sùn ara rẹ̀! Kò yani lẹ́nu bí bàbá bá gbọ́ pé olùkọ́ ń kí òun. A sì tún wá ń sọ pé àwọn òbí kò bìkítà.

Ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́, APE, wà. Owó àti ilé kíkọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn sábà máa ń dá lé, ọkùnrin ni ó sì ń pọ̀ nínú wọn. Lójú tiwa, ẹgbẹ́ àwọn ìyá akẹ́kọ̀ọ́, AME, ni ó sún mọ́ iṣẹ́ olùdámọ̀ràn jùlọ. Àwọn ìyá ni wọ́n ń mọ̀ nídìí kànga pé ọmọbìnrin kan kò lọ sí ilé-ìwé láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n lè wọ ilé tí surveillant kò lè wọ̀, wọ́n sì lè fi èdè ilé náà sọ̀rọ̀. Ohun tí wọn kò ní ni ẹnì kan nínú ilé-ìwé tí ojúṣe rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ohun tí wọ́n mọ̀, kí ó sì ṣe nǹkan sí i.

Ọ̀rọ̀ kajú yóò fi èyí hàn. Láti nǹkan bí oṣù Kejì títí wọ oṣù Karùn-ún ni kajú ń jábọ́, a sì gbọ́dọ̀ ṣà á. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò BEPC kò yẹ kí wọ́n pàdánù kíláàsì. Bí ilé-ìwé bá fi ìbínú wá, bàbá yóò dáhùn pé owó kajú ni a fi ra ìwé ọmọ, kò sì parọ́. Ìdúnàádúrà ni ó tọ́ síbẹ̀: ọjọ́ Sátidé àti ọ̀sán tí kò sí kíláàsì fún oko, ìyókù fún ìwé. Àgbàlagbà kan tí bàbá ń bọ̀wọ̀ fún ni ó yẹ kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, pẹ̀lú olùkọ́ tí ó jókòó tì í. Ti ọmọ darandaran tún yàtọ̀, nítorí agbo ẹran kì í dúró de kàlẹ́ńdà.

Ibi tí ó le jùlọ ni ti àṣírí. A ń sọ pé kí ilé-ìwé àti ilé fọwọ́ sowọ́ pọ̀, bí ẹni pé ilé kì í ṣẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé alágbàtọ́ gan-an ni ó ń yọ ọmọbìnrin náà lẹ́nu ńkọ́? Tàbí olùkọ́? Bí olùdámọ̀ràn bá sáré lọ sọ fún ìdílé, wọ́n lè parí ọ̀rọ̀ náà ní ìtìjú láàárín àgbà, kí ọmọ sì padà sí yàrá kan náà. Bí ó bá dákẹ́, ó ti di alábàápín. Òfin 2021-11 ti 20 oṣù Kejìlá 2021 wà fún irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀ sí obìnrin àti ọmọbìnrin. Ilé-iṣẹ́ ààbò ìgbé-ayé, GUPS, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní CPS, sì wà ní kọmúnù. Ó yẹ kí olùdámọ̀ràn àti àwọn ìyá AME ti mọ̀ ṣáájú ohun tí a ń sọ fún ìdílé àti ohun tí a ń gbé lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ òfin. Ọjọ́ tí ọmọ bá ń sunkún kọ́ ni a ń jókòó pinnu ìyẹn.

Títí a ó fi rí olùdámọ̀ràn tí ìjọba ń san owó fún, olùkọ́ kan lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kan: orúkọ ọmọ, abúlé rẹ̀, nọ́ńbà tẹlifóònù òbí, èdè tí òbí gbọ́, ẹni tí ó gbà fún ọmọ ní ilé, àti ìyá kan nínú AME tí yóò máa yà kí i. Kí ìpàdé bọ́ sí ọjọ́ ọjà, nígbà tí àwọn ará abúlé bá wà ní ìlú, kí a sì fi Nàgó, Baatonu àti Fúlàní sọ ọ́ kí a tó fi Faransé kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a pe àwọn alágbàtọ́ pẹ̀lú, títí kan àwọn onílé tí ń gba owó yàrá. Àwọn yẹn ni a sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n mọ ọmọ tí kò dáná láti àná, àti èyí tí iná fìtílà rẹ̀ kò kú títí di òru.