Ta Ni Ọmọ Ìyá Ẹni? Àlàyé lórí Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Pípààrọ̀ Mùdùnmúdùn Egungun

1. Ìfáárà

Ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí àìsàn. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá ń lò lójoojúmọ́, tí ìṣègùn òde òní ti sọ di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Ọ̀rọ̀ náà ni 'ọmọ ìyá'.

Ohun tí ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú ọmọkùnrin ọ̀rẹ́ mi kan. Àwọn dókítà ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wò, bóyá ó lè fún un ní mùdùnmúdùn. Èsì tí ó jáde ni pé wọn kò bára mu. Ẹni tí ó gbé èsì náà wálé kò sọ ju pé, "Ẹ̀jẹ̀ wọn kò bára mu." Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ará ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ìyá àwọn ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Obìnrin tí ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ tọ̀sán-tòru wá di ẹni tí wọ́n ń wò tìfura-tìfura. Ọmọ náà kò yè. Ìyá rẹ̀ ru ẹrù méjì lọ sí ibojì.

Nítorí náà, kókó ohun tí mo fẹ́ fi yé wa kò ju èyí lọ: pé nínú egungun ènìyàn, ìbáramu kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìbátan. Ọmọ ìyá ẹni lè má bá ẹni mu. Àjèjì òkè òkun sì lè bá ẹni mu.

2. Mùdùnmúdùn àti iṣẹ́ rẹ̀

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ mùdùnmúdùn. Bí a bá jẹ ẹran tán, a ó fọ́ egungun, a ó sì fa ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Inú mùdùnmúdùn yìí ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nínú àgbàlagbà, egungun ìbàdí, ti àyà àti ti ẹ̀yìn ni iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù.

Hóró wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ni ó para pọ̀ di ẹ̀jẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Èkíní ni sẹ́ẹ̀lì pupa, tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Èyí a máa lò tó 120 ọjọ́ kí ó tó kú. Èkejì ni sẹ́ẹ̀lì funfun, ọmọ ogun ara, tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ń dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣòfò. Ẹ̀mí tiwọn kì í ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Níwọ̀n bí gbogbo wọn ti ń kú, dandan ni kí a máa rọ́pò wọn. Sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú mùdùnmúdùn tí ó jẹ́ baba ńlá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun ni èmi yóò máa pè ní sẹ́ẹ̀lì orísun.

Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bá ya ìyàkuyà. Kò ní í gbó, kò ní í ṣe iṣẹ́, kò sì ní í kú lásìkò. Bíbí sí i ni yóò máa bí sí i bí èpò inú oko, títí yóò fi gba àyè mọ́ àwọn tí ó wúlò lọ́wọ́. Oríṣiríṣi ni: lukíméyà, tí ń kún inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, lìmfómà, tí ń wú kókó sí ọrùn àti abíyá, àti máyẹlómà, tí ń ba egungun jẹ́. Nínú lukíméyà, ara aláìsàn a máa funfun, àárẹ̀ a mú un, ibà a máa gbé e dè é léraléra, ẹ̀jẹ̀ a sì máa yọ ní èrìgì. Ẹ wò ó bí àwọn àmì wọ̀nyí ti jọ ti ibà tí a mọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń lo àgbo àti oògùn ibà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

3. Oògùn tí ó dé Ilé-Ifẹ̀

Kí n tó sọ ti pípààrọ̀, ó yẹ kí n mẹ́nu ba ìrètí kan tí kò gba olùtọrẹ rárá. Ní ọdún 1960, Peter Nowell àti David Hungerford rí okùn àjogúnbá kan tí ó kúrú ju bí ó ti yẹ lọ nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn tí ó ní irú lukíméyà kan tí ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ìlú Philadelphia ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà pè é. Ní ọdún 1973, Janet Rowley fi hàn pé okùn kẹsàn-án àti okùn kejìlélógún ni ó gé ara wọn ní apá kan, tí wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀. Nígbà tí a mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti wá, a lè wá ohun tí yóò dá a dúró. Oògùn oníhóró tí ń jẹ́ imatinib, tí Brian Druker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe aáyan lé lórí, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001. Ní ọdún 2003, ó ti dé ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn láti gbogbo ìgun Nàìjíríà lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ètò ìrànlọ́wọ́ àgbáyé kan. Ẹni tí ìbá ti kú ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́, ó sì ń lọ sí oko àti ọjà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú lukíméyà kan ṣoṣo ni oògùn yìí ràn lọ́wọ́ tó báyìí. Ní ti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, oògùn líle tí ń pa sẹ́ẹ̀lì ni a ń lò; bí ìyẹn kò bá sì tó, ọ̀rọ̀ a di ti pípààrọ̀ mùdùnmúdùn.

4. Bí a ti ń pààrọ̀ rẹ̀

E. Donnall Thomas, ará Amẹ́ríkà, ni aṣáájú iṣẹ́ yìí. Aláìsàn mẹ́fà ni ó kọ ìròyìn wọn ní ọdún 1957. Kò sí èyí tí ó yè pẹ́ nínú wọn. Kò jáwọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1990, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé aláìsàn kan dé inú yàrá rẹ̀. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọn yóò fún un ní oògùn líle, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìtànṣán, tí yóò run jẹjẹrẹ náà àti mùdùnmúdùn rẹ̀ pa pọ̀. Nígbà tí oko bá mọ́ kedere, wọn yóò gbé sẹ́ẹ̀lì orísun ti olùtọrẹ wá. Kò sí iṣẹ́ abẹ. Inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí, bí ẹni ń gba ẹ̀jẹ̀ lásán. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ni yóò fi ara wọn wá ọ̀nà dé inú egungun. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni a óò fi dúró kí wọ́n tó ta gbòǹgbò, aláìsàn náà yóò sì wà ní àdáwà, nítorí pé òtútù lásán lè pa ẹni tí kò ní ọmọ ogun nínú ara.

Ọjọ́ tí wọ́n fún un ní sẹ́ẹ̀lì náà ni ilé ìwòsàn ń pè ní ọjọ́ òdo. Ọ̀la rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní. Àwa Yorùbá kì í ka ọjọ́ báyìí: ọjọ́ tí a bí ọmọ wà nínú ọjọ́ mẹ́jọ tí a fi ń retí orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ èrò méjèèjì pàdé, nítorí pé ọmọ tuntun ni aláìsàn náà ní tòótọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ olùtọrẹ bá yàtọ̀ sí tirẹ̀ ní irú, ti olùtọrẹ ni yóò di tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó gbà ní kékeré, yóò tún un gbà.

Ewu ńlá wà níbẹ̀. A mọ̀ pé onílé a máa lé àlejò tí kò bá fẹ́. Níhìn-ín, àlejò lè dìde sí onílé: ọmọ ogun tuntun lè ka awọ ara, ìfun àti ẹ̀dọ̀ sí ọ̀tá. Bí ìjà náà bá pọ̀, ó ń pani. Bí ó bá mọ níwọ̀n, ó wúlò, nítorí pé ó ń pa jẹjẹrẹ tí ó ṣẹ́kù sí kọ̀rọ̀. Àtimú ìjà náà mọ níwọ̀n ni ọgbọ́n àwọn oníṣègùn.

5. Ta ni ó bá ẹni mu?

A dé ibi tí mo ń lọ. Lára sẹ́ẹ̀lì wa ni àmì kan wà tí ọmọ ogun ara fi ń dá onílé mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Jean Dausset ti ilẹ̀ Faransé ni ó kọ́kọ́ rí irú àmì bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1958. Àmì yìí ni ó gbọ́dọ̀ bára mu, kì í ṣe irú ẹ̀jẹ̀.

Bàbá ní ìdì àmì méjì, ìyá ní méjì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú ọ̀kan lára ti bàbá, ọ̀kan lára ti ìyá. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin ni ó lè gbà pín. Nítorí náà, ọmọ bàbá kan ìyá kan kò ní ju àǹfààní ẹyọ kan nínú mẹ́rin lọ láti bá àbúrò rẹ̀ mu. Ẹni tí ó tilẹ̀ ní ọmọ ìyá mẹ́ta, àǹfààní pé ó kéré tán ọ̀kan yóò bá a mu jẹ́ bí 58 nínú 100. Pé ẹ̀gbọ́n ọmọ ọ̀rẹ́ mi kò bá a mu, ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ju ìdàkejì rẹ̀ lọ ni. Kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ìyá náà kò jẹ̀bi.

Èdè wa ya iyèkan sọ́tọ̀ sí ọbàkan, ó sì fi ti ìyá ṣíwájú. Ìṣègùn kò mọ ìyàtọ̀ yìí: ìdajì ni ti bàbá, ìdajì ni ti ìyá. Ṣùgbọ́n ohun ayọ̀ kan ti ṣẹlẹ̀. Àwọn oníṣègùn yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore wá ọ̀nà tí a fi lè lo ẹni tí ó bá aláìsàn mu ní ìdajì. Bàbá, ìyá àti ọmọ ẹni bá ẹni mu ní ìdajì nígbà gbogbo. Ọbàkan pàápàá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Agbo ilé ńlá àtijọ́ tún wúlò.

Bí ilé kò bá sí, a ó wo ìta. Láti ọdún 1974, nígbà tí Shirley Nolan dá ìwé orúkọ olùtọrẹ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí ọmọ rẹ̀, àìmọye ènìyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti fi orúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìran ni àmì yìí ń tẹ̀ lé, orúkọ àwa adúláwọ̀ kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n ṣe lórí ìwé orúkọ ti Amẹ́ríkà ni pé 79 nínú 100 aláwọ̀ funfun ni ó lè rí ẹni tí ó bá wọn mu pátápátá; 29 péré ni nínú adúláwọ̀. Ṣeun Adébíyì, agbẹjọ́rò ọmọ Nàìjíríà tí ó dàgbà ní Amẹ́ríkà, bọ́ sínú ìṣòro yìí ní ọdún 2009. Ẹ̀jẹ̀ inú okùn ìwọ́ ọmọ tuntun ni wọ́n fi wò ó sàn: ohun tí àwa ń rì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ibi ọmọ ni ó gba ọmọ wa là. Òun ni ó sapá tí ìwé orúkọ olùtọrẹ fi bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2012. Ní ọdún 2011 ṣáájú, ilé ìwòsàn yunifásítì tí ó wà ní ìlú Benin ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn fún ọmọ kan tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀nà ti là. Ènìyàn ni ó kù.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀rù ni ó ń dá wa dúró. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fi mùdùnmúdùn tọrẹ, agbára rẹ̀ ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín tí a bá yọ kì í hù mọ́. Mùdùnmúdùn ń hù padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́pọ̀ ìgbà lóde òní, apá ni wọ́n ti ń fà á: wọn yóò fún olùtọrẹ ní abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ara lè máa ro ó, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ yóò ṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì orísun láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, yóò sì dá ìyókù padà. Òwú tí a fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó láti fi yẹ ẹni wò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni wọ́n sì ń fẹ́ jù.

Mo jẹ́wọ́ pé nígbà tí wọ́n ní kí àwa ọ̀rẹ́ ilé náà wá fi ẹ̀jẹ̀ lásán tọrẹ, mo wá àwáwí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì tí kò bá ọmọ náà tan ni wọ́n lọ. Láti ìgbà náà, mo ti ń lọ. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n àrùn tí a lè wò, tí a jókòó tì, kí ni a óò pè é?

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tí ń gbé èsì ilé ìwòsàn lé aráyé lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n má ṣe sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò bára mu, kí wọ́n sì dákẹ́. Kí wọ́n fi kún un pé ẹyọ kan nínú mẹ́rin ni. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ìbá ti gba ìyá kan lọ́wọ́ ìtìjú.