Ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ niṣẹ́: Ohun tó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ igi gígé l'Ékòó mọ̀

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń kù lójú ọ̀run lóṣù kẹta, tí ìjì sì ń gbé eruku káàkiri, ọkàn àwọn onílé tó ní igi ńlá nínú ọgbà kì í balẹ̀ mọ́. Igi fúrúùtù tó ti ń ṣíji bò wọ́n látọjọ́ yìí, tí wọ́n ń gbé àga sábẹ́ ẹ̀ lọ́sàn-án, òun náà ni wọ́n ń wò báyìí bíi pé ọ̀tá ni. Ẹ̀ka kan ti na ọwọ́ sórí páànù aládùúgbò, òmíràn ti wọ àárín wáyà iná. Àsìkò yìí gan-an ni fóònù àwọn agégi máa ń dún léraléra ní Sùúrùlérè, Yábà àti Mùṣin. Àsìkò yìí náà sì ni àwọn ọ̀dọ́ tó rí owó tí wọ́n ń kà fún ẹni tó gun igi máa ń sọ pé iṣẹ́ tó yẹ kí àwọn kọ́ nìyẹn.

Owó wà nídìí ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n rò pé ẹni tó bá ti ra ẹ́ńjìnnì ìgégi ti di agégi nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú láti fi owó èsúsú dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu ẹ̀, tàbí tí ẹ kàn ní igi kan tó ń dà yín láàmú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ ká jọ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ àti ibi tí owó inú ẹ̀ ń gbà lọ. Okùn, àwọn èèyàn tó dúró nílẹ̀ àti ìwé àṣẹ ìjọba ló ń gbé e ró. Ẹ́ńjìnnì ló kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ igi ò ṣàjèjì ládùúgbò wọ̀nyí o. Ìdí-Àràbà tí ọsibítù ńlá LUTH wà, Ìdí-Òro ní Mùṣin, orúkọ igi ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ ní láti ara èso iṣin ni Mùṣin fúnra ẹ̀ ti gba orúkọ. Lóde òní, àwọn igi tí agégi máa ń bá pàdé jù ni fúrúùtù, máńgòrò, dóńgóyárò, àgbọn, àti igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní masquerade, èyí tí wọ́n máa ń gbìn yí ọgbà ká. Kálukú wọn ló ní wàhálà tiẹ̀. Ẹ̀ka fúrúùtù máa ń nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́, orí òrùlé ẹlòmíì ló sì máa ń lọ. Igi masquerade máa ń mì tìtì tí atẹ́gùn bá fẹ́ nígbà téèyàn wà lókè ẹ̀. Ti máńgòrò, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí èèyàn bá tanpẹ́pẹ́ pàdé níbi tí kò ti lè fọwọ́ sílẹ̀ láti fi nu ojú.

Bí ọ̀gá bá mọ ohun tó ń ṣe, ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò ní gun igi rárá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ilẹ̀ ni yóò wà. Òun ni yóò máa wọ́ ẹ̀ka kúrò lọ́nà, òun ni yóò máa lé àwọn ọmọdé àti ọlọ́kadà tó fẹ́ gba abẹ́ igi kọjá, òun ni yóò máa po epo, tí yóò sì máa di okùn mú. Àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ràn apá yìí, wọ́n ní kí lèèyàn ń kọ́ nínú kéèyàn máa kó ewé. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ bí igi ṣe ń ṣubú.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó mú. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àdá, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí igi náà po. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ṣé olú ti ń hù nídìí ẹ̀? Ìyẹn lè jẹ́ àmì pé gbòǹgbò ti ń jẹrà. Tí wọ́n bá fi ẹ̀yìn àdá kan ara igi, ṣé ó ń dún bí ìlù? Inú ẹ̀ ti ṣófo, kò yẹ kéèyàn gùn ún. Ẹ̀ka wo ló ti gbẹ? Ibo ni igi náà dagun sí? Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀: mọ́tò, táǹkì omi, àbí sọ́kàwéè tí ìdérí ẹ̀ ò lágbára? Ní Mùṣin pàápàá, kí wọ́n wò ó dáadáa bóyá ìṣó wà nínú igi, nítorí àìmọye èèyàn ló ti kan pátákó ọjà mọ́ ọn tàbí tó so wáyà ìsáṣọ mọ́ ọn láti ọdún gbọọrọ. Èèpo igi á ti bo ìṣó náà mọ́lẹ̀, ṣéènì ẹ́ńjìnnì ni yóò wá a rí. Ìṣó kan péré tó láti ba ṣéènì tuntun jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí gígùn. Àwọn tó ń gun ọ̀pẹ nílẹ̀ Yorùbá ti ń lo igbà láti ayébáyé: okùn líle tó yí ẹni náà àti igi po, tó ń fẹ̀yìn tì, tó sì ń jù sókè bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Bẹ́líìtì tí àwọn agégi ilẹ̀ òyìnbó ń lò lónìí, ọgbọ́n kan náà ló wà nínú ẹ̀. Ohun tí igbà ò lè ṣe ni pé kò lè kọjá ẹ̀ka. Lórí máńgòrò tàbí fúrúùtù, èèyàn gbọ́dọ̀ ní okùn kejì tó gba orí ẹ̀ka tó lágbára lókè, tó wá so mọ́ bẹ́líìtì ní ìbàdí àti itan, kó lè jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, yóò kàn rọ̀ ni, kò ní já lulẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ lo ẹ́ńjìnnì lókè, ibi méjì ló yẹ kí wọ́n so ara wọn mọ́, nítorí ṣéènì tó ń gé igi lè gé okùn náà. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tí à ń rí l'Ékòó ò so nǹkan kan mọ́ra. Ẹsẹ̀ lásán, àdá lọ́wọ́, wọ́n ti wà lókè. Àwọn tó ń wòran máa ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, àmọ́ èmi ò rí ohun tó yẹ ká pàtẹ́wọ́ sí níbẹ̀. Ẹni tó bá já lulẹ̀ látorí igi tó ga ju ilé alájà kan lọ, òun àti ẹbí ẹ̀ ni yóò máa san owó ọsibítù.

Ẹ́ńjìnnì wá ńkọ́? Àwọn méjì tí orúkọ wọn jáde jù ni STIHL, tí wọ́n ti ń ṣe ní Jámánì láti ọdún 1926, àti Husqvarna ti ilẹ̀ Sweden. Ayédèrú tí wọ́n kùn lọ́dà kan náà pọ̀ lọ́jà, torí náà ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yẹ kó mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání. Ìyẹn sì kan ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀. Ẹ́ńjìnnì ńlá tó ní irin gígùn, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fi gé ìtì igi. Kékeré tó fúyẹ́ ni wọ́n ń fi okùn fà lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni agégi tó bá gbọ́n ò ní fi ayùn ọwọ́ àti àdá sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ò tó ohun à ń tan ẹ́ńjìnnì sí.

Epo ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kó ọmọ iṣẹ́ sí wàhálà. Ẹ́ńjìnnì yìí ò ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì tiẹ̀ sí lọ́tọ̀ bíi ti mọ́tò, inú bẹntiróòlù gan-an ni wọ́n ń pò ó mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, ìdá kan ọ́ìlì sí àádọ́ta bẹntiróòlù ni, ìyẹn mìlílítà 100 nínú lítà 5, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣáà wo ìwé tó bá a wá. Ẹni tó bá da bẹntiróòlù lásán sí i, kò ní pẹ́ tí yóò fi nọ́ọ̀kù. Ọ́ìlì tó ń lọ sára ṣéènì tún yàtọ̀, ihò tiẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Ṣéènì náà ńkọ́? Tó bá mú, ìpàǹpá igi wẹ́wẹ́ ló máa ń tú jáde. Tó bá ti ń da lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́, ó ti kú nìyẹn, fáìlì róbótó ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, eyín kọ̀ọ̀kan, iye ìgbà kan náà. Bí wọ́n bá pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọ́gọwọ̀gọ. Ohun tó léwu jù ni kí orí irin náà kan igi lójijì, nítorí ẹ́ńjìnnì yóò tàpá, yóò sì padà sí ojú tàbí ọrùn ẹni tó mú un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ méjèèjì mú un, tí wọ́n sì ń dé akoto, tí wọ́n ń fi awò bo ojú, tí wọ́n ń dí etí, tí wọ́n ń wọ bóòtù. Ṣòkòtò kan tún wà tí wọ́n kó okùn fúlẹ́fúlẹ́ sínú ẹ̀: tí ṣéènì bá kàn án, okùn náà á lọ́ mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì á sì dúró kó tó dé ẹran ara. Ó wọ́n, àmọ́ itan wọ́n jù ú lọ.

Kò sí àyè láti wó igi lódindi nínú ọ̀pọ̀ ọgbà ní Sùúrùlérè. Láti òkè ni wọ́n ti ń gé e wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi okùn so ẹ̀ka náà, wọ́n á gé abẹ́ ẹ̀ díẹ̀ kí èèpo má baà fà ya, kí wọ́n tó wá gé e látòkè níwájú ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gé. Ẹni tó wà nílẹ̀ ti lọ́ okùn náà mọ́ ìdí igi ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó lè máa tú u sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò gbọdọ̀ lọ́ ọ mọ́ ọwọ́ ara ẹ̀ láéláé, ẹ̀ka tútù wúwo ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Àwọn oníbàárà míì á ní kí wọ́n ṣáà bẹ́ orí igi náà kanlẹ̀. Kí agégi ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀ka tuntun tí yóò hù níbẹ̀ kì í fìdí múlẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, àti pé tó bá ti ga tán, òun gan-an ni ìjì yóò kọ́kọ́ ya.

Ọ̀rọ̀ wáyà iná ò gba àwàdà. NEPA di PHCN lọ́dún 2005, wọ́n sì gbé e fún àwọn aládàáni lọ́dún 2013, àmọ́ iná tó wà nínú wáyà ò yí padà: 11,000 tàbí 33,000 fóltì ló wà nínú àwọn tó ga. Ẹ̀ka tútù àti okùn tó gba omi lè gbé e wá bá èèyàn láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan wáyà. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ládùúgbò ni kí wọ́n kọ̀wé sí láti wá pa á. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dúró de ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ̀mí ara ẹ̀ ló ń fi ta tẹ́tẹ́, wọ́n lè dá a padà nígbàkígbà.

Ìwé àṣẹ tún wà o. Òfin ọdún 2011 ló dá LASPARK sílẹ̀, àjọ tó ń rí sí ọgbà àti igi ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọdọ̀ wọn sì ni wọ́n ti ń gbàṣẹ kí wọ́n tó wó igi, kódà bó ṣe inú ọgbà ara ẹni ló wà. Ìjọba tó ya ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn láti ọdún 2008 ò lè máa wo àwọn tó ń wó o níran. Agégi tó bá gba iṣẹ́ láìbéèrè ìwé yìí, òun àti onílé ni ọ̀rọ̀ náà yóò jọ kàn.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni iye owó yìí o, ẹ fi ti ọjà òní rọ́pò ẹ̀. Ká ní ọ̀dọ́ kan gba iṣẹ́ igi kan ní ₦150,000. Èèyàn méjì tó dúró nílẹ̀ gba ₦30,000. Ẹ́ńjìnnì tó háyà, ₦20,000. Epo àti ọ́ìlì, ₦12,000. Ọkọ̀ tó kó ẹ̀ka dànù, ₦45,000. Oúnjẹ àti ọkọ̀ wíwọ̀, ₦8,000. Ó ti ná ₦115,000, ó ku ₦35,000, inú ẹ̀ ló sì yẹ kó ti yọ owó okùn àti ṣéènì tí yóò rà tó bá yá. Tí oníbàárà bá wá dúnàádúrà títí tó fi san ₦120,000 péré, ₦5,000 ló kù. Páànù aládùúgbò kan tó bá fọ́, gbèsè dé. Owó ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń gbàgbé jù, tí wọ́n á wá lọ da ẹ̀ka sínú gọ́tà lóru, èyí tí òfin ò fàyè gbà.

Ọ̀nà àbáyọ kan ni kí wọ́n gé ìtì igi náà sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń fi igi dáná: alásè, oníbúrẹ́dì, àwọn tó ń yan ẹja. Ká má retí pé yóò di pákó, ìṣó tí mo wí lẹ́ẹ̀kan ni àwọn tó ń lagi ń sá fún. Ẹni tó bá sì ti ní òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù lọ́dọ̀ ẹ̀, òfin ọdún 2010 lórí owó ìtánràn fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa kàn án. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn ni wọ́n ń san fún NSITF.

Àwọn onílé tó mọ̀ ọ́n máa ń ránṣẹ́ pe agégi láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, tí igi ti gbẹ, tí àyè wà láti dúró de LASPARK, tí agégi náà sì ń wáṣẹ́. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, tí ìjì ti fa ẹ̀ka kan ya sórí òrùlé, kò sí agégi tó máa dúró gbọ́ ìdúnàádúrà.