Ìdánwò ètò fáìlì àti irinṣẹ́ àtijọ́: ẹ bi í léèrè, ẹ má kàn wo nọ́ńbà

Ìbéèrè kan ń wá léraléra látọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà níbí ní Ìlọrin: "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ìdánwò yìí yege lórí láptọ́ọ̀pù mi, ó sì kùnà lórí ẹ̀rọ ọ́fíìsì. Ṣé dísíìkì ló bàjẹ́ ni?" Lọ́pọ̀ ìgbà, dísíìkì ò ṣe nǹkan kan. Irinṣẹ́ tí ìdánwò náà gbára lé ló ti pẹ́.

Kò yani lẹ́nu. Ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, dátà wọ́n, iná ò sì dúró. Ta ló máa sáré fi ẹ̀dà tuntun sórí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa? Nítorí náà, ó yẹ ká mọ bí a ṣe ń kọ ìdánwò tó lè bá irinṣẹ́ àtijọ́ lò pọ̀.

Ètò fáìlì, bíi ext4, XFS àti Btrfs, ló ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà lórí dísíìkì. Bó bá ṣìṣe, máàkì ọmọ ilé-ìwé, àkọsílẹ̀ aláìsàn, ìwé gbèsè oníṣòwò, gbogbo rẹ̀ lè lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dán an wò. Àkójọ ìdánwò tó gbajúmọ̀ fún un lórí Linux ni xfstests, tí wọ́n tún ń pè ní fstests. Ilé-iṣẹ́ SGI ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún XFS tiwọn. Lónìí, àwọn tó ń ṣe ext4 àti Btrfs náà ń lò ó. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan máa ń pe irinṣẹ́ bíi mkfs àti xfs_io, á gba ohun tí wọ́n bá tẹ̀ jáde, á sì fi wé fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .out, níbi tí èsì tó tọ́ wà. Bí àmì kan bá yàtọ̀, ó kùnà nìyẹn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìdí kóńgò tí a fi wọn ẹ̀wà l'Ọjà Ọba bá ti wọnú, ohun yòówù tí a bá sọ nípa ẹ̀wà náà, ọ̀rọ̀ kóńgò là ń sọ. Ẹ wo cp àti rm ti GNU: bí wọn ò bá rí fáìlì kan, ẹ̀dà àtijọ́ á fi ` ṣí orúkọ rẹ̀, á sì fi ' pa á dé, ẹ̀dà tuntun ń fi ' ṣe méjèèjì. Àmì kékeré yẹn tó láti sọ ìdánwò di èyí tó kùnà. Asẹ́ la fi ń yanjú èyí: a ó sẹ́ ohun tí irinṣẹ́ tẹ̀ jáde, kí ohun tó lè yàtọ̀ láì léwu ti kúrò ká tó fi wéra. LC_ALL=C náà ń ràn wá lọ́wọ́, kí èdè ẹ̀rọ má bàa yí ọ̀rọ̀ padà.

Àwọn ìyàtọ̀ kan wà tí asẹ́ ò lè sẹ́. Láyé àtijọ́, xfs_io kì í fọwọ́ kan fáìlì tí kò sí lórí XFS àfi tí a bá fún un ní -F. Nígbà tó yá, wọ́n mú dandan náà kúrò. Báwo ni ìdánwò ṣe máa mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Nọ́ńbà ẹ̀dà lè tàn wá jẹ, torí àwọn bíi Red Hat máa ń fi àtúnṣe tuntun lẹ ẹ̀dà àtijọ́ láì yí nọ́ńbà ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà. Ohun tí fstests ń ṣe ni pé ó máa ń ní kí xfs_io ṣe iṣẹ́ kékeré kan, stat. Bó bá dáhùn pé "is not on an XFS filesystem", ti àtijọ́ ni. Fstests á fi -F kún un, iṣẹ́ á sì máa lọ. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ẹ má gbàgbé pé yege àti kùnà nìkan kò tó. Ìdáhùn kẹta wà: a kò ṣe é. Kí ìdánwò tó nílò falloc tó bẹ̀rẹ̀, `_require_xfs_io_command "falloc"` á kọ́kọ́ gbìyànjú àṣẹ náà. Bí èsì bá ní "not found", irinṣẹ́ ni ò mọ̀ ọ́n. Bó bá ní "Operation not supported", irinṣẹ́ mọ̀ ọ́n, kernel tàbí ètò fáìlì ni ò lè ṣe é. Nínú méjèèjì, ìdánwò á dúró, á sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Èyí tó le jù ni ohun tí irinṣẹ́ ń ṣe láì jẹ́ pé a rán an. Láti e2fsprogs 1.43, lọ́dún 2016, ni mkfs.ext4 ti ń fi metadata_csum àti 64bit sí ètò fáìlì tuntun fúnra rẹ̀. Ní 2023, ẹ̀dà 1.47.0 fi orphan_file àti metadata_csum_seed kún un. Àṣẹ kan náà, ẹ̀rọ méjì, ètò fáìlì méjì tó yàtọ̀! Bí ẹ bá gbé irú dísíìkì tuntun bẹ́ẹ̀ lọ síbi tí e2fsck 1.46 wà, á ní "unsupported feature(s): FEATURE_C12", á sì kọ̀ jálẹ̀. orphan_file ni FEATURE_C12 yẹn. Kò mọ orúkọ rẹ̀ ni. Dísíìkì ò bàjẹ́ o. Ẹ má fọ́máàtì í! Ẹ wá e2fsck tuntun.

Nínú ìdánwò, a lè fi `-O ^orphan_file` yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n mkfs àtijọ́ tí kò mọ orúkọ náà á kọ àṣẹ yìí pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ fi -n bi í; pẹ̀lú -n, kò ní kọ nǹkan kan sórí dísíìkì. Bó bá gbà, ẹ lò ó. Bó bá kọ̀, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ yọ níbẹ̀.

Mo ti rí àwọn tó ń fi `2>/dev/null || true` sẹ́yìn gbogbo àṣẹ kí irinṣẹ́ àtijọ́ má bàa pariwo. Ìyẹn burú ju kíkùnà lọ: ìdánwò á ní òun yege nígbà tí kò dán ohunkóhun wò, ẹni tó ni dísíìkì á sì fọkàn balẹ̀ lásán. Tí ẹ bá fẹ́ jábọ̀ fún ọ̀gá yín, nọ́ńbà mẹ́ta ni kí ẹ kọ: èyí tó yege, èyí tó kùnà, èyí tí a kò ṣe. Bí ẹ̀kẹta bá pọ̀, a jẹ́ pé àsìkò ti tó láti wá dátà ra, kí ẹ sì fi irinṣẹ́ tuntun sí i.