Kí Ló Gbé E Débí? Ìrìn Ẹsẹ̀ láti Agége dé Ìkẹjà

Bí mo bá ní kí ènìyàn wá bá mi fẹsẹ̀ rìn láti Agége dé Ìkẹjà kó lè mọ ìtàn, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. "Mọ̀mí, kí ló wà níbẹ̀? Ilé iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀!" Òótọ́ ni pé kò sí ààfin àtijọ́ tí a óò wọ̀, kò sì sí odi ìlú tí a óò gùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, Agége ni mo sì ń gbé. Láwọn Sátidé kan, mo máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa àti àwọn tí mo ti kọ́ rí jọ, a ó sì gba ọ̀nà náà. Òfin mi kò ju ẹyọ kan lọ: níbi gbogbo tí a bá ti dúró, kí olúkúlùkù béèrè pé, kí ló gbé e débí?

Aago méje àárọ̀ ni a máa ń pàdé níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Agége. Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ní 1901, ọkọ̀ ti ń lọ dé Ìbàdàn, ó sì ń gba Agége kọjá. Ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2021, gba ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ lọ. Red Line ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣí ní 29 Oṣù Kejì 2024, ń gbé èrò láàárín Agbado àti Oyingbo, ó sì ń dúró ní Agége àti Ìkẹjà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Yaba lè wọ̀ ọ́ wá, kó sì tún wọ̀ ọ́ padà láti Ìkẹjà nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti ń ro ó.

Ohun tí àwọn ọmọ kì í tètè gbà gbọ́ ni pé oko kòkó ti wà ní agbègbè yìí kí rélùwéè tó dé. J.P.L. Davies, oníṣòwò ńlá tí wọ́n bí ní Sàró, gbin kòkó sí Ijon ní nǹkan bí 1880, lẹ́yìn tí gbèsè ti ba òwò rẹ̀ jẹ́. Òun ni ọkọ Sarah Forbes Bonetta, ọmọbìnrin Yorùbá tí Ọbabìnrin Victoria gbà ṣe ọmọ ìsàmì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J.K. Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Ìjọ African, dá oko ńlá sí Ifako, àwọn olóko wọ̀nyí sì dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Láti ìlú òkè ni ọ̀pọ̀ lébìrà ti wá ṣiṣẹ́ lóko wọn. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n mú irúgbìn kòkó dání, wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Agége jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà tí kòkó gbà wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi kòkó yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé lọ́nà.

Obì ló tẹ̀ lé e. Tẹ́lẹ̀, òkun ni wọ́n ń gbà kó gbàǹja wá sí Èkó láti Gold Coast. Àwọn olóko Agége wá ń gbìn ín fúnra wọn. Nígbà tó fi máa di 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ láti Èkó dé Kano, ni àwọn Hausa bá wá tẹ̀dó sí Agége láti máa ra obì, kí wọ́n máa fi rélùwéè kó o lọ sókè. Ìdí nìyẹn tí èdè Hausa fi ń dún láàárín ìlú Àwórì yìí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìyá oníobì kan tó mọ̀ wá máa ń ṣí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún wa. "Ẹ káàárọ̀, Mọ̀mí Tíṣà. Ẹ tún ti kó àwọn ọmọ yín dé." Ó máa ń fi ewé tó fi bo obì náà hàn wọ́n. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i jù, obì á gbẹ. Bí omi bá dúró sára rẹ̀, á rà. Ẹ ro ohun tí ìtọ́jú yẹn gbà fún ẹrù tó ń lọ sí Kano!

Láti ibẹ̀ a ó gba Pen Cinema, oríta tí sinimá àtijọ́ kan sọ lórúkọ, tí afárá ọdún 2021 sì ti gba orí rẹ̀ kọjá báyìí. Ibẹ̀ la ti ń ra búrẹ́dì Agége. Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní 1913, ló sọ òwò búrẹ́dì di ńlá ní Èkó láti Ẹ̀búté Mẹ́ta. Agége ló wá gba orúkọ mọ́ búrẹ́dì náà lọ́wọ́, nítorí ibẹ̀ ni èrò ọkọ̀ ojú irin ti ń nawọ́ rà á lójú fèrèsé.

Títì Oba Ogunji ló ń gbé wa lọ sí Ogba, ibẹ̀ sì ni kòkó ti padà wá. Láti 1954, ìlú Èkó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n Ìkẹjà àti Agége wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn títí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fẹ́ ilé iṣẹ́ tí yóò sún mọ́ èbúté àti ọjà Èkó, ṣùgbọ́n tí yóò wà lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ìkẹjà, tó ní ojú irin àti pápákọ̀ òfuurufú, wà ní bèbè ààlà gan-an. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ya ilẹ̀ ilé iṣẹ́ sọ́tọ̀ síbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Owó tí ìjọba náà gbójú lé jù lọ, owó kòkó ni. Ohun tí àwọn lébìrà gbé kúrò ní Agége di owó ní Ìbàdàn, Oǹdó àti Èkìtì, owó náà sì padà wá sí ẹ̀gbẹ́ Agége.

Títì Oba Akran ni ọkàn ibẹ̀. Orúkọ Ọba C.D. Akran ti Badagry, tó ṣe mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ni wọ́n fi sọ títì náà. Guinness dá ilé ìpọntí rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1962, àkọ́kọ́ tó ní lẹ́yìn ti Ireland àti Britain. Dunlop ń ṣe táyà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 títí di ìparí 2008, nígbà tí owó iná àti táyà olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun borí rẹ̀. Lónìí, ilé ìkẹ́rù mìíràn ti di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn ti di gbọ̀ngán ìnáwó. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ wo òkè: òrùlé onígun bí eyín ayùn máa ń sọ pé ẹ̀rọ ti rọ́ kì níbẹ̀ rí, ohun yòówù tí wọn ìbáà kọ sára pátákó iwájú ilé.

Kyoto, tó jẹ́ olú ìlú Jàpáàn láti 794 títí di 1868, ní irú ìrìn yìí tí gbogbo ayé ń lọ bá wọn rìn. Ilé onípákó àdúgbò Gion àti Sannenzaka ṣì dúró nítorí òfin tí wọ́n ṣe ní 1975 láti dáàbò bo àdúgbò lódindi, kì í ṣe ilé kọ̀ọ̀kan nìkan. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ilojo Bar ní Lagos Island wà lábẹ́ òfin láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016. Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò ni mo máa ń tọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n wó ilé, obì ṣì ń lọ sókè.

Ní Ìkẹjà, a ó gba ọjà Ipodo dé Otigba, níbi tí àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà tí wọ́n sì ń tún un ṣe ti sọ àdúgbò ilé gbígbé di Computer Village láti àwọn ọdún 1990. Ìjọba ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun yóò kó wọn lọ sí Katangowa. Pepple Street wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni Shrine, gbọ̀ngán tí olórin Fela ti ń kọrin, wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn sójà dáná sun ilé rẹ̀ ní 1977, ó wá ń gbé ní 7 Gbemisola Street, lẹ́bàá Allen. Láti 2012, ilé náà ti di Kalakuta Museum. Yàrá rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibojì rẹ̀ wà níwájú ilé.

Ẹ wọ bàtà tó rọlẹ̀, ẹ mú omi dání. Ẹ kí ènìyàn kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀. Ní Gion, ìyọlẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò mú kí wọ́n ti àwọn ọ̀nà kọ̀rọ̀ kan pa mọ́ àlejò ní 2024. Mo fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ fi pátákó kéékèèké sí Ifako, sí ibùdókọ̀ àti sí Oba Akran, kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ àti ọdún tó ṣẹlẹ̀. Kò ní ná wọn tó owó afárá. Ṣùgbọ́n èyí tó kánjú jù kò gba owó rárá: àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn rọ táyà, tí wọ́n hun aṣọ, tí wọ́n kó obì sínú ọkọ̀ ojú irin ṣì wà láàyè nílé ẹbí yín. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ lọ bá wọn, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́dún yìí.